Ẹ Jẹ́ Kó Ṣe É Fúnra Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà Fún Òbí Ọmọ Ọdún Méjì

Ọmọ tó bá ti ń súnmọ́ ọdún méjì máa ń yí padà lójijì. Èyí tí ẹ ń wọ aṣọ fún wẹ́rẹ́ lóṣù tó kọjá ti wá ń ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ṣoṣo, bí ẹ bá sì na ọwọ́ láti bá a tún un ṣe, ariwo ta. Ẹ ní kó wá, ó sá lọ. Ẹ ní kó jókòó, ó dìde. "Rárá" àti "mi ò fẹ́" ló gba ẹnu rẹ̀ kan. Àwọn àgbà ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó fi àgídí jọ nínú ẹbí, ìdílé ìyá ni wọ́n sì sábà máa ń rí i sí.

Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé ẹni kan lòun ni, pé ara òun yàtọ̀ sí ara ìyá òun, pé ohun tó wu ìyá lè má wu òun. Ní 1972, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Beulah Amsterdam, tẹ ìwádìí kan jáde tí ẹ̀yin náà lè dán wò nílé. Wọ́n fi àwọ̀ pupa díẹ̀ tọ́ ọmọ nímú láì jẹ́ kó fura, wọ́n wá gbé e síwájú dígí. Àwọn ọmọ ọdún kan ń bá "ọmọ inú dígí" ṣeré. Àmọ́ láàárín oṣù 18 sí 24, púpọ̀ nínú wọn ń fi ọwọ́ kan imú ara wọn. Àkókò yìí náà ni "tèmi ni" máa ń pọ̀ lẹ́nu ọmọ, tí yóò sì máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Erik Erikson, tí wọ́n bí ní Jámánì ní 1902 tó sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pín ìgbésí ayé ènìyàn sí ìpele mẹ́jọ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1950. Ìpele kejì bẹ̀rẹ̀ láti bí ọdún kan àti ààbọ̀ títí dé ọdún mẹ́ta. Ó ní níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bóyá ọwọ́ òun lè ká nǹkan, tàbí kí ojú máa tì í kó sì máa ṣiyèméjì nípa ara rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu kọ́ni. Inú bàtà wíwọ̀, ṣíbí dídìmú àti ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, àti lójú ẹni tó ń wò ó nígbà tó bá ń ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ pé, "Tòyìnbó nìyẹn, ọmọ Yorùbá kì í pàṣẹ nínú ilé." Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Àmọ́ Çiğdem Kağıtçıbaşı, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé ọmọ lè dá nǹkan ṣe kó sì tún rọ̀ mọ́ ẹbí rẹ̀ tímọ́tímọ́, pé ọ̀kan kò lé èkejì jáde. Èrò tèmi, láti inú iṣẹ́ jẹ́léósinmi tí mò ń ṣe, ni pé ilé wa ti ní irinṣẹ́ tó dára jù lọ fún ọ̀rọ̀ yìí: iṣẹ́ ilé gan-an, àti rírán ọmọ níṣẹ́. Ohun tó ń wọ́n wa ni sùúrù láti jẹ́ kó pẹ́ nídìí rẹ̀, àti ìdákẹ́ nígbà tí kò bá ṣe é dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ fẹnu kò lórí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ

Kí ìyá, bàbá àti ẹni tó bá ń bá yín mójú tó ọmọ jókòó pọ̀. Ẹ kọ ohun tí ọmọ kò ní ní ẹnu sí rárá: iná, títì, oògùn, wákàtí oorun, kí ó máa na ènìyàn tàbí kí ó máa bù wọ́n jẹ, bẹ́líìtì ọkọ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti bá yín parí ti ọkọ̀: ọmọ gbọ́dọ̀ wà nínú àga tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.) Ẹ wá kọ ohun tí ẹ ó jọ máa pinnu, bí aṣọ àti eré. Lẹ́yìn náà, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá: bí oúnjẹ tí yóò jẹ nínú èyí tí ẹ bù ṣe máa pọ̀ tó, nǹkan ìṣeré tó fẹ́, ẹni tó fẹ́ kó gbé òun.

Apá àkọ́kọ́ yẹn ni kí ó kúrú jù, òun náà sì ni kí ó le jù. Bí ẹ bá kó nǹkan bí ogún síbẹ̀, ìjà ni ẹ ó máa jà láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ ó sì rẹ̀wẹ̀sì débi tí ọmọ á fi gba èyí tó léwu lọ́wọ́ yín. Diana Baumrind, tó ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California, ní àwọn ọdún 1960, rí i pé ọmọ àwọn òbí tó dúró lórí òfin wọn, tí wọ́n sì ń fi ìfẹ́ àti àlàyé ṣe é, ló máa ń lè dá nǹkan ṣe tó sì ń kó ara rẹ̀ níjàánu ju ọmọ àwọn tó le koko àti ọmọ àwọn tó fi í sílẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wa náà ti sọ ọ́ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tún ilé tò

Bí gbogbo nǹkan bá wà lókè, ọmọ á máa sunkún bẹ̀bẹ̀ fún omi. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà nílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa pariwo. Nítorí náà, ẹ gbé ohun tó jẹ́ tirẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ sì ti ìyókù mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ kan ìṣó tàbí ìkọ́ sí ara ògiri níbi tó ga tó àyà rẹ̀, kó máa fi àpò àti fìlà rẹ̀ kọ́. Ẹ wá abọ́ rọ́bà kan, ife kékeré kan àti ṣíbí kan tí kò gùn, kí ẹ fi wọ́n sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Maria Montessori, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké sí àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù ní 1907, ló jẹ́ kí tábìlì àti àga ọmọdé gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Ẹ̀yin kò nílò láti ra ọ̀kankan. Àpótí tí ìyá àgbà fi ń jókòó dáná ti ga tó bó ṣe yẹ, kò sì ní dojú dé bọ̀rọ̀.

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Kẹrosíìnì tí a rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kò gbọdọ̀ sí nílé tí ọmọ ọdún méjì wà, ní tòótọ́ kò yẹ kó sí nílé kankan. Ẹ kó oògùn, omi ìfọṣọ olóró, àti bátìrì pẹlẹbẹ kéékèèké inú rìmóòtù kúrò nílẹ̀. Ẹ da omi inú bàsíà nù lẹ́yìn ìfọṣọ, nítorí omi tí kò ju gígùn ìka ọwọ́ lọ lè gbẹ̀mí ọmọ. Ẹ̀pà àti kóró àgbálùmọ̀ kò sí fún un títí yóò fi pé ọdún mẹ́rin. Wọ́n máa ń há ọ̀nà ọ̀fun. Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán, "fi í sílẹ̀!" tí ẹ ń pariwo ká inú ilé máa dín kù gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ohun méjì, kò gbọdọ̀ ju méjì lọ

"Kí lo fẹ́ wọ̀?" ti tóbi jù fún ọmọ ọdún méjì. "Èwo lo fẹ́, pupa àbí funfun?" ló mọ lára rẹ̀. Ẹ mú méjèèjì dání kó rí wọn, nítorí pé ojú rẹ̀ ṣì yá ju etí rẹ̀ lọ. Méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ̀yin fara mọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó wọ aṣọ àríyá lọ jẹ́léósinmi, kí ni ẹ gbé e síwájú rẹ̀ ṣe?

Àṣìṣe tí mo máa ń gbọ́ jù ni kí òbí béèrè ohun tí kò ní ìbéèrè nínú. "Ṣé ká lọ wẹ̀?" Ọmọ ní rárá, ẹ sì gbé e lọ síbi omi pẹ̀lú agbára. Ó ti rí i pé ìbéèrè yín kò ní ìtumọ̀. Ohun tó yẹ ni: "Ìwẹ̀ ti yá. Ṣé wàá fi ẹsẹ̀ rẹ rìn ni, àbí kí n pọ̀n ọ́ lọ?" Ìwẹ̀ kò yẹ̀, ọ̀nà tó máa gbà débẹ̀ ló jẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá mú ọ̀kankan, ẹ ka ẹyọ kan sí márùn-ún nínú yín, kí ẹ wá sọ pé, "O ò tíì mú, màá bá ọ mú un," kí ẹ sì gbé e. Ẹ má gbóhùn sókè. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé èkejì lòun fẹ́. Lọ́la, yóò yára mú.

"Ṣé wàá jẹun ni àbí kí n nà ọ́?" Ìyẹn kò sí nínú ohun tí mò ń wí.

Nígbà tó bá jẹ́ àṣẹ ni ẹ fẹ́ pa, ẹ sọ ohun tí ó máa ṣe. "Rìn jẹ́jẹ́" yé e ju "má sáré" lọ. Apá iwájú ọpọlọ, tó ń ba ènìyàn fa ìjánu ara rẹ̀, kò tíì gbó lágbárí ọmọ yìí, kò sì ní gbó tán títí yóò fi lé ní ọmọ ogún ọdún. Nígbà tí ẹ bá ní "má fọwọ́ kàn án", tó wò yín lójú tó sì fọwọ́ kàn án, kì í sábà jẹ́ pé ó ń tàbùkù yín. Ó gbọ́, ọwọ́ náà ni kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ, kí ó parí ẹ

Ní 1976, David Wood, Jerome Bruner àti Gail Ross kọ nípa bí olùkọ́ kan ṣe ran àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ́wọ́ láti fi igi kéékèèké to nǹkan pọ̀. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé olùrànlọ́wọ́ tó dára máa ń gbé kìkì èyí tó wúwo jù fún ọmọ, yóò sì máa yọ ọwọ́ kúrò bí ọmọ bá ti ń mọ̀ ọ́n. Bí a ṣe lè ṣe èyí lára ṣòkòtò nìyí.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ bá a ki ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ fà á dé orúnkún, kí ẹ wá yọwọ́. Òun ni yóò fà á dé ìbàdí. Ó parí rẹ̀, ó dìde, ó wò yín bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, ẹ dúró sí ọrùn ẹsẹ̀, kó fà á láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ẹsẹ̀ kan, kó ki èkejì. Nígbà tó bá kù díẹ̀, ẹ kàn tẹ́ ṣòkòtò sílẹ̀ fún un, kí iwájú rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ sì jókòó. Ọ̀nà yìí dára nítorí pé ìparí ni ọmọ máa ń ṣe nígbà gbogbo. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tí ẹlòmíràn bá a parí rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ọ̀nà kan náà ni fún bùbá: ẹ bá a ti orí wọlé, òun á wá ọwọ́. Fún bàtà, sálúbàtà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bàtà olókùn ṣì jìnnà.

Ó gba àkókò, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó ń jí ní aago márùn-ún ní Ìkòròdú kó lè dé Erékùṣù Èkó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò lè máa wo ọmọ tó ń wá ihò ọwọ́ aṣọ. Ẹ má fi ìyẹn jẹ ara yín níyà. Ẹ mú ohun kan péré fún òwúrọ̀, bóyá fìlà tàbí sálúbàtà, kí ẹ fi ìyókù sí ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sátidé. Ohun kan tó ń ṣe lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sàn ju ohun mẹ́wàá tí ẹ máa já gbà nígbà tí mọ́tò bá ń fọn fèrè.

Bó bá wọ aṣọ sódì ńkọ́? Nínú ilé, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde lọ, ẹ ní, "O wọ̀ ọ́ fúnra rẹ! Jẹ́ ká yí i kí àwòrán rẹ̀ lè wà níwájú." Ẹ má ṣe tú u ká lára rẹ̀ pẹ̀lú òṣé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ rán an níṣẹ́

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Ní 2006, Felix Warneken àti Michael Tomasello, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Leipzig ní Jámánì, fi hàn pé ọmọ oṣù 18 máa ń dìde ran àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́: bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni náà, ọmọ á gbé e fún un, bí ọwọ́ rẹ̀ bá kún tí kò lè ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ á bá a ṣí i. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n. Ọmọ tó ń rọ́ tẹ̀lé yín wọ ilé ìdáná, tó ń di yín lọ́wọ́, iṣẹ́ ló ń wá.

Bame Nsamenang, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, kọ nípa bí àwọn ọmọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣe ń di ènìyàn nípa kíkópa nínú iṣẹ́ ilé àti ti àdúgbò díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ èyí láìka ìwé kankan. Àwa tí a ń gbé nínú fúláàtì, tí a ní ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹ̀rọ ìfọṣọ, la ń lé ọmọ jáde kúrò níbi iṣẹ́, tí a sì ń ra nǹkan ìṣeré olówó ńlá tó jọ ìkòkò àti ṣíbí fún un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú yàrá kan náà: "Bá mi mú sálúbàtà yẹn wá." Tó bá ti ń ṣe é, ẹ rán an lọ sí yàrá kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ so méjì pọ̀: "Mú ife rẹ, kí o gbé e fún bàbá." Kí iṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ gidi, èyí tí ilé nílò. Bí ẹ bá ń já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, ẹ fún un ní ọ̀pá mẹ́ta kó já tirẹ̀ sínú abọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń bó ẹ̀wà fún mọ́ín-mọ́ín, kó fi ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi kó máa ra á pẹ̀lú yín, ẹ kàn máa ṣọ́ ọ kó má fi ẹ̀wà kan bọ imú. Ó lè kó aṣọ ìdọ̀tí sínú agbọ̀n, kó fi àkísà nu omi tó dà sílẹ̀, kó bá yín to ọsàn sínú apẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù òpópónà kò tíì kàn án o. Nínú ilé tàbí lọ́gbà tí ojú yín tó o ni.

Tó bá jíṣẹ́, ẹ yìn ín bí a ṣe ń yin ọmọ nílé wa. "O káre láé! O gbé e wá, kò dà nù." Ẹ kì í ní oríkì rẹ̀: Àjọkẹ́, Àkànní, èyíkéyìí tó bá ń jẹ́. Ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an, nítorí "o gbọ́n gan-an" kò sọ fún un ohun tí yóò tún ṣe lọ́la.

Ẹ má fi bísíkíìtì sanwó iṣẹ́ fún un. Warneken àti Tomasello tún padà sídìí ọ̀rọ̀ náà ní 2008. Wọ́n fún àwọn ọmọ oṣù 20 kan ní ẹ̀bùn nígbàkigbà tí wọ́n bá ranni lọ́wọ́, wọ́n kàn yin àwọn mìíràn, wọn ò ṣe nǹkan kan fún àwọn yòókù. Nígbà tí ẹ̀bùn dáwọ́ dúró, àwọn tó ti ń gba ẹ̀bùn ni ìrànlọ́wọ́ wọn dín kù ju ti àwọn yòókù lọ. Ọmọ tí ẹ bá ń sanwó fún láti ọmọ ọdún méjì á béèrè iye tí ẹ ó san nígbà tó bá di ọmọ ọdún méje.

Ohun kan tó kù nípa iṣẹ́: ẹ má tún un ṣe lójú rẹ̀. Bó bá gbálẹ̀ tí ìdọ̀tí ṣì wà, ẹ dúró dìgbà tó bá sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nígbà tó bá ju ara rẹ̀ sílẹ̀

Yóò ṣẹlẹ̀, kódà nílé ẹni tó tẹ̀lé gbogbo èyí tí mo ti kọ. Ohun tí ọmọ ọdún méjì ń fẹ́ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ, ìjánu inú ọpọlọ rẹ̀ kò tíì le, ebi sì lè ti dé tàbí kí oorun ti kọjá. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní 2019 pé kí ọmọ ọdún kan sí méjì máa sùn wákàtí 11 sí 14 láàárín ọ̀sán àti òru, ti ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣírò ti ọmọ yín kí ẹ tó pè é lálágídí.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé kò sí ohun tó lè ṣe é léṣe nítòsí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀, kí ojú yín má ga jù ú lọ. Ẹ sọ ohun tó ń dùn ún ní gbólóhùn kúkúrú: "Inú ń bí ọ. O fẹ́ fóònù. Kò sí fóònù báyìí." Kí ẹ wá dákẹ́. Àlàyé gígùn kò lè wọlé sí orí tó ń jóná. Bó bá fẹ́ nà yín, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, kí ẹ ní, "Mi ò ní jẹ́ kí o nà mí." Bó bá fẹ́ kí ẹ gbá òun mọ́ra, ẹ gbá a mọ́ra, ìyẹn kò sọ pé ẹ ti fún un ní fóònù.

Àárín ọjà ló le jù. Ní Bódìjà tàbí Oyíngbo, ìyá mẹ́ta á ti dá sí i kí ẹ tó tẹ̀ ba: ọ̀kan ní kí ẹ nà án, ọ̀kan ní kí ẹ fún un ní ohun tó fẹ́, ọ̀kan ti ń na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ẹ sọ pé, "Ẹ ṣé mà," kí ẹ gbé ọmọ yín lọ sí ibi tí kò sí ariwo. Ìtìjú yín ni ẹ ń bá jà lákòókò yẹn ju ọmọ lọ, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn.

Tó bá rọ̀, ẹ fún un lómi, ẹ nu ojú rẹ̀, ẹ padà sí ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ má yí "rárá" padà sí "ó dáa" nítorí igbe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igbe ló máa kọ́. Ẹ má sì fi fóònù pa á lẹ́nu mọ́. Ìmọ̀ràn 2019 yẹn kan náà sọ pé kí ọmọ ọdún kan má wo ojú ẹ̀rọ rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ lóòjọ́.

Ní ti pàṣán, èmi kò fara mọ́ ọn fún ọmọ ọjọ́ orí yìí. Àwọn ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń fi hàn léraléra pé ọmọ tí a ń nà máa ń jà sí i. Ìbẹ̀rù lè pa á lẹ́nu mọ́ lónìí, àmọ́ kò kọ́ ọ bí a ṣe ń fa ìjánu ara ẹni.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀

Ohun méjì yìí ni ẹ kò lè fi agbára borí ọmọ lé lórí, torí náà ẹ má gbìyànjú.

Nípa oúnjẹ, ẹ̀yin ló ń pinnu ohun tí a ó jẹ, ìgbà tí a ó jẹ ẹ́ àti ibi tí a ó ti jẹ ẹ́. Òun ló ń pinnu bó ṣe máa pọ̀ tó. Ọmọ tó kọ ẹ̀fọ́ rírò lónìí lè nílò kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀ nígbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tọ́ ọ wò. Díẹ̀ ni kí ẹ máa bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó fẹ́ràn. Àwọn ìyá àgbà wa tí wọ́n ń rọ ọmọ lógì lórí itan ṣe é nínú ìfẹ́, àmọ́ ó léwu, ògì lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ti ń rìn ti lè di ṣíbí mú. Yóò dà á sára. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀.

Nípa póò, ẹ wo àmì: ó ń pẹ́ tó wákàtí méjì kí ara rẹ̀ tó tutù, ó ń sá lọ sí igun nígbà tó bá fẹ́ yàgbẹ́, ó ń sọ ọ́ fún yín, ó lè fa pátá rẹ̀ sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi àmì wọ̀nyí hàn láàárín oṣù 18 sí ọdún mẹ́ta. Ẹ gbé e jókòó lẹ́yìn oúnjẹ, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kó dìde nígbà tó bá wù ú. Bó bá tọ̀ sára, "Ó ti tutù, jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀" ti tó. Ìtìjú tí Erikson ń sọ kò hàn níbì kankan ju ibí lọ. A ti fi ọmọ tó ń tọ̀ọ́lé ṣe yẹ̀yẹ́ jù ní ilẹ̀ wa, a kó ẹní lé e lórí, àwọn ọmọ àdúgbò kọ orin tẹ̀lé e. Kò sí ọmọ kan tí orin yẹn mú kí ó tètè gbẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìkíni, àti màmá àgbà

Ọmọ tí ẹ fún láyè gbọ́dọ̀ kí ènìyàn. Ohun tó lè yàn ni bí yóò ṣe ṣe é: "Ṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lo ti máa kúnlẹ̀ ni, àbí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ?" Bó bá sá sẹ́yìn yín, ẹ̀yin ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì kí wọn lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ má ti ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń wò yín, yóò ṣe é láìpẹ́. Kíkí jẹ́ dandan, àmọ́ kí ẹni tí kò mọ̀ gbé e tàbí fi ẹnu kò ó lẹ́nu kì í ṣe dandan.

Màmá àgbà tó wá bá yín tọ́mọ lè máa sọ pé ẹ ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Ẹ má kó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dà lé wọn lórí. Ẹ fi ojú iṣẹ́ hàn wọ́n: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń já ẹ̀fọ́." Ọwọ́ wọn dá a ju tiwa lọ, wọ́n sì ní ohun tí ẹ̀yin kò ní, ìyẹn àkókò. Ẹ kàn bá wọn ṣàdéhùn lórí ohun díẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, kí ọmọ má baà gba bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọ̀ ẹnìkan lẹ́yìn rárá lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ọjọ́ orí ń fà. Ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn bí kò bá tíì máa rìn ní oṣù 18, bí kò bá tíì máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, irú bíi "mu omi", nígbà tó pé ọdún méjì, bí kò bá ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀, bó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe nínú ìbínú lemọ́lemọ́, tàbí bí ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ bá ń parẹ́, ìgbà yòówù kó jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń pè ní olórí kunkun, àmọ́ tó jẹ́ pé etí wọn ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání, kí ẹ sì kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó lè sọ sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé, torí pé ọmọ kì í sábà sọ̀rọ̀ níwájú dókítà.